KÍKI ÀTI ÀÀBÒ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ YÍYAN EPO FÚN GÍÀ Ẹ̀YÌN ALÙPÙPÙ ONÍṢÁÀFÙ

Ìfáárà

Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀rọ̀ àwọn agolo epo tí a ń tò sórí pẹpẹ ní ọjà àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti rí nìyẹn. Gbogbo wọn ni ó ń dán, gbogbo wọn ni a kọ nọ́ńbà sí lára, gbogbo wọn ni ẹni tí ń tà wọ́n sì ń búra lé lórí pé ojúlówó ni. Síbẹ̀, èyí tí ó dára fún ẹ́ńjìnnì lè ba gíà jẹ́, èyí tí ó sì dára fún gíà ọkọ̀ kan lè má dára fún ti òmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa bi ara wọn pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ gíà ọ́ìlì. Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ní ilẹ̀ wa fi ń kọ́ iṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ìwé tí ó bá alùpùpù wá. Bí ìtumọ̀ kan bá sọnù láàárín èdè méjèèjì, inú irin ni àṣìṣe náà yóò ti hàn, ẹni tí ó jókòó lórí irin náà ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín ọ̀rọ̀ mi sí. Èkínní, n ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí epo ń ṣe láàárín eyín gíà. Èkejì, n ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjì tí ó ṣe pàtàkì jù lọ lára agolo. Ẹ̀kẹta, n ó sọ bí a ṣe ń yan epo àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ ní alùpùpù yóò rí ohun kan kọ́ níbẹ̀ nípa bí a ṣe ń lo èdè wa fún iṣẹ́ ọwọ́.

Irú alùpùpù tí à ń wí

Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí à ń rí ní ìgboro wa, irú àwọn tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn, ṣéènì ni ó ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ojú gbangba ni ṣéènì náà wà. Eruku ń bà á, òjò ń pa á, ẹni tí ó ni ín sì ń ta epo sí i nígbàkígbà tí ó bá ń dún.

Irú kejì ni èyí tí kò ní ṣéènì rárá. Ọ̀pá irin kan ni ó ń yí láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì títí dé ìdí táyà ẹ̀yìn. Ọ̀pá yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàfù. Ǹ bá pe irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ní alùpùpù ọlọ́pàá, nítorí pé ó ní ọ̀pá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọkàn ènìyàn yóò lọ bá bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, alùpùpù oníṣáàfù ni n ó máa pè é.

Alùpùpù oníṣáàfù kì í ṣe ohun tuntun. Ilé iṣẹ́ FN ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti ṣe é ní ọdún 1905. Ní ọdún 1923, ilé iṣẹ́ BMW ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì gbé alùpùpù wọn àkọ́kọ́ jáde, R 32, èyí tí Max Friz yàwòrán rẹ̀. Oníṣáàfù ni òun náà. Àwọn ará Ítálì ṣe Moto Guzzi V7 ní ọdún 1967. Ní ọdún 1974, àwọn ará Jàpáàn gbé Honda Gold Wing lọ síbi àfihàn alùpùpù ní ìlú Cologne. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣe irú alùpùpù wọ̀nyí fún, kí ẹni tí ó gùn ún má baà máa dúró tún ṣéènì ṣe lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Gígùn alùpùpù ni ọ̀pá náà gbà lọ, láti iwájú sí ẹ̀yìn. Táyà sì ń yí lórí irin tí ó dábùú alùpùpù láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Báwo ni ọ̀pá tí ó na gígùn yóò ṣe yí táyà tí irin rẹ̀ dábùú? Ibẹ̀ ni gíà ẹ̀yìn ti wọlé. Gíà kékeré kan wà ní orí ọ̀pá, gíà ńlá kan sì wà ní ìdí táyà. Eyín èkínní wọnú eyín èkejì, wọ́n sì darí agbára gba ẹ̀gbẹ́. Inú ilé irin kan tí a dé pa ni àwọn méjèèjì ń gbé. Epo díẹ̀ ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Nínú àwọn BMW ti àwọn ọdún 1970, epo náà kò ju ìdámẹ́rin lítà kan lọ. Ìwọ̀nba epo yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ọlọ àti ọmọ ọlọ

Ẹni tí ó bá ti rí ọlọ rí yóò tètè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín eyín gíà. Bí a bá ń gún iyán, ọmọ odó ń sọ̀kalẹ̀, ó sì ń gòkè. Kì í ha ara odó púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ ata, ọmọ ọlọ ń fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí ọlọ. Bí ata kò bá sí láàárín wọn, òkúta yóò máa jẹ òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé ìyá yín mọ̀ pé ọlọ tuntun kì í wà bẹ́ẹ̀ títí. Ó ń jinkòtò ni.

Eyín gíà ẹ̀yìn alùpùpù kò nà tààrà. A gé e ní ìtẹ̀kọrọ̀ kí ó lè máa wọnú ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí ariwo. Bí èkínní ti ń ti èkejì ni ó ń yọ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú, bí ọmọ ọlọ lórí ọlọ. Irú gíà kan tilẹ̀ wà tí gíà kékeré kò dojú kọ àárín gíà ńlá gan-an, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé e wálẹ̀ tàbí sókè díẹ̀. Haipọ́ìdì ni wọ́n ń pe èyí. Yíyọ̀ tirẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àwọn ìyókù lọ. Ilé iṣẹ́ Gleason ní ìlú Rochester ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní àárín àwọn ọdún 1920 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé epo lásán kò lè dá gíà yìí dúró. Agbára tí ń tẹ eyín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń lé epo kúrò láàárín wọn, irin a sì kan irin.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n wá ohun tí wọn yóò pò mọ́ epo náà. Imí ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni olórí nínú àwọn èròjà tí à ń lò fún iṣẹ́ yìí. Níbi tí eyín bá ti tẹ ara wọn jù, tí ibẹ̀ sì gbóná, àwọn èròjà wọ̀nyí yóò dàpọ̀ mọ́ ojú irin, wọn yóò sì di awọ fẹ́lẹ́ kan sí i lára. Awọ náà ni yóò máa ha dípò irin. Bí ó ti ń ha lọ ni òmíràn ń hù. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni epo gíà ń ṣe. Ó ń fi ara rẹ̀ sáàárín eyín méjì kí wọ́n má kanra. Bí agbára bá sì ti lé e kúrò, awọ tí èròjà inú rẹ̀ dì sára irin yóò gba ìjà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iṣẹ́ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé nọ́ńbà ni a fi ń ṣọ́ èkínní, lẹ́tà ni a fi ń ṣọ́ èkejì.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lára agolo: kíki

Nọ́ńbà tí ó máa ń tẹ̀lé SAE lára agolo, irú bí 80, 90 tàbí 140, kíki epo ni ó ń sọ. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni SAE dúró fún. Kíki yìí náà ni a máa ń wí bí a bá ní ẹ̀kọ ki tàbí pé ó ṣàn. Wọ́n ń mú epo gbóná dé 100°C, wọn a sì wo bí ó ti ń ṣàn sí. SAE 90 ti gíà a máa wà láàárín 13.5 àti 18.5 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńtísítóòkù. SAE 140 sì bẹ̀rẹ̀ láti 24.

Nọ́ńbà tí W bá tẹ̀lé, irú bí 75W tàbí 80W, bí epo yóò ti ṣe nínú òtútù ni ó ń sọ. Ẹ rántí bí epo pupa ti máa ń dì nínú ìgò ní àsìkò ọyẹ́. Epo gíà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí òtútù bá ti mú ju tiwa lọ. Wọ́n dán 80W wò títí dé òtútù 26 nísàlẹ̀ òdo, 75W sì dé 40 nísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, epo tí a kọ 80W-90 sí lára jẹ́ epo tí ó lè ṣàn nínú òtútù bí 80W, tí ó sì ki bí 90 nígbà tí ó bá gbóná. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, nọ́ńbà tí ó ní W kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Nọ́ńbà kejì ni kí a wò.

Ìdẹkùn kan wà níbí tí ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nọ́ńbà epo gíà àti nọ́ńbà epo ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé SAE ni wọ́n kọ sí méjèèjì lára. Ẹni tí ó bá rí 40 lára epo ẹ́ńjìnnì, tí ó sì rí 90 lára epo gíà, lè rò pé èkejì ki ju èkínní lọ ní ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. SAE 40 ti ẹ́ńjìnnì wà láàárín 12.5 àti 16.3, SAE 50 bẹ̀rẹ̀ láti 16.3, ó sì dé 21.9. Ẹ ó rí i pé SAE 90 ti gíà kàn jókòó sáàárín àwọn méjèèjì ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi nọ́ńbà wọn jìnnà síra kí ènìyàn má baà ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ọ̀rọ̀ kejì lára agolo: ààbò

Ọ̀rọ̀ kejì ni GL àti nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e. Àjọ epo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, API, ni ó ṣètò rẹ̀. Èyí kò sọ ohunkóhun nípa kíki. Ohun tí ó ń sọ ni bí epo náà ti lè dáàbò bo eyín gíà tó nígbà tí ìnira bá dé. GL-1 jẹ́ epo lásán tí kò ní èròjà ààbò. GL-4 ní èyí tí ó tó fún gíà tí ìnira rẹ̀ kò le jù. GL-5 ni wọ́n ṣe fún gíà haipọ́ìdì àti àwọn tí ìnira wọn le. Èròjà ààbò inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ti GL-4.

Ṣé kí a wá máa lo GL-5 fún ohun gbogbo? Rárá o. Imí ọjọ́ inú rẹ̀ lè máa jẹ idẹ àti bàbà. Nínú gíábọ́ọ̀sì àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, òrùka idẹ wà tí ń ran gíà lọ́wọ́ láti wọlé. GL-5 lè ba irú òrùka bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé ọkọ̀ mìíràn fi ń sọ pé GL-4 ni kí a lò. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Epo tí ó wúlò nínú gíà ẹ̀yìn lè di ọ̀tá nínú gíábọ́ọ̀sì.

Àríyànjiyàn kan ní ọgbà mẹkáníìkì

Ní àsìkò ìsinmi, mo máa ń lọ jókòó ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn tí ó mọ̀ nípa àwọn alùpùpù ńlá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo ń ṣà jọ níbẹ̀ sínú ìwé mi. Ní ọjọ́ kan, alàgbà kan gbé BMW R 100 RT rẹ̀ wá fún ìpààrọ̀ epo. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ra epo dání. Bí ọ̀gá mẹkáníìkì ti yẹ agolo náà wò, wọ́n mi orí.

"Alàgbà, ẹ má bínú o. Epo yìí kò ní wọ inú ẹ̀yìn alùpùpù yín."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ ò rí i pé 140 ni? Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí èyí tó lágbára tó o lọ́jà."

"Agbára wo ni wọ́n ń sọ, bàbá? Ṣé ọbẹ̀ tó bá ṣáà ti ki náà ló máa ń dùn ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bá ní kí n mú ìwé alùpùpù náà jáde nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, kí n kà á fún àwọn. Mo kà á pé epo haipọ́ìdì ni, GL-5, SAE 90 bí ojú ọjọ́ bá gbóná ju 5°C lọ, SAE 80 bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n ka ti ara agolo pẹ̀lú. Mo kà á: SAE 140, GL-4.

"Ṣé ẹ gbọ́ báyìí? Kíki lọ́tọ̀, ààbò lọ́tọ̀. Epo yín ki ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ, ààbò rẹ̀ ò sì tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ọ̀nà méjèèjì ló fi kùnà."

Alàgbà náà kò tíì gbà tán. Ó ní ohun tí ó ki ni ó ń lẹ̀ mọ́ irin. Ọ̀gá kò bá a jiyàn mọ́. Wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n sì gbé gíà ńlá kan jáde tí wọ́n ti tú lára alùpùpù mìíràn. Eyín rẹ̀ ti ya, òmíràn sì ti gé, bí ṣírí àgbàdo tí eku jẹ. Wọ́n gbé e lé alàgbà náà lọ́wọ́. Ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ọmọ mi obìnrin ni mo máa ń gbé sẹ́yìn." Ó gbé agolo rẹ̀, ó sì padà sí ọjà.

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Bí gíà ẹ̀yìn bá fọ́ nígbà tí alùpùpù wà lórí eré, táyà ẹ̀yìn lè há lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ṣéènì tí yóò já kí táyà lè máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó rà á kò ṣe aláìnáání. Owó gidi ni ó ná. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "agbára", ni ó ṣì í lọ́nà. Nínú ọjà, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń lò fún epo tí ó ki, òun náà ni wọ́n ń lò fún epo tí ó ń dáàbò bo irin. Nígbà tí ọ̀gá pín in sí kíki àti ààbò ni ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo wa, títí kan ọmọṣẹ́ tí ó kéré jù lọ níbẹ̀.

Ohun tí ìwé àwọn tí ó ṣe é wí

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé mẹ́ta wé ara wọn. Ìwé àwọn BMW àtijọ́ tí mo mẹ́nu bà béèrè fún GL-5, SAE 90, ní ojú ọjọ́ bí tiwa. Ìwé Yamaha ti àwọn ọdún 1980 fún àwọn oníṣáàfù irú XV750 Virago béèrè fún epo haipọ́ìdì SAE 80, GL-4. Ìwé Honda Gold Wing GL1800, tí ó jáde ní ọdún 2001, béèrè fún epo haipọ́ìdì SAE 80.

Gold Wing yìí wúwo ju 350 kílò lọ, BMW àtijọ́ náà kò sì tó 250 kílò. Bí ó bá jẹ́ pé kíki ni agbára, Gold Wing ni ìbá béèrè fún nọ́ńbà tí ó ga jù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré ni ó béèrè fún. Ẹni tí ó ya gíà náà ni ó mọ bí eyín rẹ̀ ti gbòòrò tó, bí ó ti ń yọ̀ sí, bí béárìn rẹ̀ ti ń mu epo àti bí ilé rẹ̀ ti ń gbóná tó. Gbogbo èyí ni ó rò pọ̀ kí ó tó kọ nọ́ńbà kan sínú ìwé.

Epo tí ó bá ki jù kì í tètè dé ìdí béárìn nígbà tí alùpùpù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Gíà yóò máa wa ọ̀nà nínú rẹ̀ bí ẹni ń wa ọ̀gẹ̀dẹ̀ amọ̀. Agbára ẹ́ńjìnnì yóò ṣòfò, ilé gíà yóò sì gbóná. Epo tí ó bá ṣàn jù kì í lè dúró láàárín eyín. Àṣejù ni baba àṣetẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì.

Nítorí náà, bí a ó ṣe yan epo nìyí. Ká ṣí ìwé alùpùpù náà, ká kọ ohun méjì sílẹ̀: nọ́ńbà kíki àti nọ́ńbà ààbò. Ká mú ìwé náà lọ sí ọjà. Agolo tí méjèèjì bá bá ti ìwé mu ni ká rà. Bí SAE 90 ni ìwé wí, 80W-90 yóò ṣe iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ wa, nítorí pé 90 ni òun náà nígbà tí ó bá gbóná. Bí ìwé bá wí pé GL-5, ká má gba GL-4 nítorí ẹ̀dínwó.

Àwọn ìbéèrè tí a máa ń bèèrè

Ṣé epo àtọwọ́dá dára ju èyí tí a wà láti inú ilẹ̀ lọ? Epo àtọwọ́dá kì í tètè dì nínú òtútù, kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú ooru. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá bá ti ìwé mu, owó gọbọi tí a san kò sọ ọ́ di èyí tí ó yẹ.

Epo tí wọ́n kọ LS sí lára ńkọ́? Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ní irú gíà kan tí ń pín agbára láàárín wọn ni wọ́n ṣe èyí fún. Táyà kan ṣoṣo ni alùpùpù ní lẹ́yìn, kò sì ní ohun tí yóò pín. Kò sí ìdí fún wa láti náwó sí i.

Ṣé a lè bu epo ẹ́ńjìnnì sí i nígbà tí kò bá sí òmíràn? Kíki rẹ̀ lè sún mọ́ra bí mo ti wí lókè, ṣùgbọ́n kò ní ààbò tí eyín haipọ́ìdì ń fẹ́. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ bu epo gíà sínú ẹ́ńjìnnì.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Kí a kọ́kọ́ gun alùpùpù náà fún kìlómítà díẹ̀ kí epo lè móoru kí ó sì ṣàn dáadáa. Kí a gbé e dúró gangan lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́. Nọ́ọ̀tì òkè, níbi tí a ń gbà bu epo, ni kí a kọ́kọ́ tú. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló ń tú ti ìsàlẹ̀ ṣáájú. Bí epo bá ti dà nù tán, tí nọ́ọ̀tì òkè sì kọ̀ tí kò tú, alùpùpù kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí, kí a tú ti ìsàlẹ̀, kí a sì gba epo sínú abọ́ tí ó mọ́, nítorí pé epo àtijọ́ ní ìròyìn tí ó ń sọ. Bí ó bá funfun bí wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ní òòfà lórí. Bí lẹ́búlẹ́bú dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò burú, bí gíà ti ń ṣiṣẹ́ ni. Bí èérún irin tí ọwọ́ lè mú bá wà níbẹ̀, kí a má bu epo tuntun sí i kí a sì máa gùn ún lọ. Ó di dandan kí a tú ilé gíà náà wò.

Kí a fi wásà tuntun sí nọ́ọ̀tì, kí a dè é, kí a wá bu epo tuntun títí tí yóò fi kan etí ìsàlẹ̀ ihò tí a gbà bù ú. Àwọn alùpùpù kan wà tí epo wọn kì í dé ẹnu ihò. Ìwọ̀n tí ó wà nínú ìwé ni a ó tẹ̀lé fún wọn. A kò gbọdọ̀ bù ú jù. Epo ń wú bí ó bá gbóná. Bí kò bá ríbi wú sí, yóò ti ọ́ìlì síìlì jáde. Ní àwọn alùpùpù tí bíréèkì ẹ̀yìn wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé gíà, orí bíréèkì ni epo náà yóò dà sí.

Iye kìlómítà tí ìwé bá dá ni kí a máa fi pààrọ̀ epo. Fún alùpùpù BMW tuntun, 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣe ti ìṣáájú, nítorí pé gíà tuntun a máa bọ́ lẹ́búlẹ́bú púpọ̀ nígbà tí eyín bá ń mọ ara wọn. Kí a má sì da epo àtijọ́ sí gọ́tà. Omi kànga ẹlòmíràn ni yóò bá lọ.

Ìkádìí

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo ti fi hàn pé eyín gíà ẹ̀yìn ń yọ̀ lórí ara wọn bí ọmọ ọlọ lórí ọlọ, àti pé iṣẹ́ méjì ni epo ń ṣe láàárín wọn. Mo ti fi hàn pé SAE ń sọ kíki, GL ń sọ ààbò, ọ̀kan kò sì lè jẹ́jọ̀ọ́ fún èkejì. Mo sì ti fi hàn pé ìwé ẹni tí ó ṣe alùpùpù ni ó ní àṣẹ lórí méjèèjì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, iṣẹ́ wà fún wa lẹ́nu èyí. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti ẹnu babaláwo, ọdẹ àti onílù, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa dé ọgbà mẹkáníìkì, ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ àti ṣọ́ọ̀bù onírédíò pẹ̀lú. Àwọn tí ń bẹ níbẹ̀ ń pín ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń dá ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Bí a kò bá kọ wọ́n sílẹ̀, wọn yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tí yóò bá sì ra epo ní ọ̀la, kí ó bi olùtajà ní ìbéèrè méjì: kí ni kíki rẹ̀, kí ni ààbò rẹ̀? Bí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, kí ó ka ara agolo fúnra rẹ̀.

Ire o.